Okùn Ọjọ́ Ìrántí Ọkọ Mi

Ìrẹsì ni wọ́n ní mo dì mọ́ ikùn. Láyé ìgbà yẹn, àwọn obìnrin kan máa ń di ìrẹsì fàyàwọ́ mọ́ra bí oyún. Nítorí náà, nígbà tí ìrọbí mú mi, tí ọkọ mi fi ọ̀kadà gbé mi, tí a forí lé ilé ìwòsàn ní Ìlaròó, àwọn oníbọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà bodè kọ̀, wọn ò tú okùn tí wọ́n fi dí títì. Wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí àwọn yẹ̀ mí wò. Kí wọ́n tó gbà pé ọmọ ló wà níbẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àkọ́bí mi nìyẹn.

Tíṣà jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló di alágídí. Bí ilé ìwé bá ti parí, ìdí okùn yẹn ló ń lọ dúró sí, á máa gbẹjọ́ rò fún ẹni tí wọ́n bá dá dúró láìṣẹ̀. Wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé, kò gbọ́. Ó kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti máa béèrè pé, "Kí ni mo ṣe?" Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó ká okùn náà nílẹ̀. Nígbà tó kú, ìlú ní iṣẹ́ àánú ni àwọn á máa fi rántí rẹ̀ lọ́dọọdún: wọn á ṣán koríko ẹ̀gbẹ́ títì, wọn á gbé oúnjẹ lọ fún àwọn arúgbó. Inú mi dùn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn?

Léṣìí, wọ́n fi mí jókòó sábẹ́ kánópì bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo wo títì. Àwọn ọ̀dọ́ ti na okùn dí ọ̀nà! Ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá wọn ṣán koríko.

Ọ̀kadà kan dé. Obìnrin tó wà lẹ́yìn di ejìká ọlọ́kadà mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní:

"Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni ìrọbí yín máa ń dé! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ jàre, iṣẹ́ Bàbá là ń ṣe."

N ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo já àdá gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, mo gé okùn náà.

"Ẹ̀yin olórí burúkú! Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ẹni tí ẹ ń rántí?"

Alága ìgbìmọ̀ wọn fà mí lápá. "Màmá, ẹ ṣe sùúrù. Nítorí Bàbá náà ni, kí gbogbo ènìyàn lè kópa."

"Sùúrù kẹ̀? Sùúrù ni mo ṣe níjọ́sí!"

Mo gun ọ̀kadà yẹn, mo gbá obìnrin náà mọ́ra. Ó ń bi mí pé, "Màmá, ṣé kò tíì pẹ́ jù?" N ò fẹ́ parọ́ fún un, mo ní kí ọlọ́kadà yára sí i. Ní Ìlaròó, wọ́n sáré gbé e wọlé. Ọmọ náà ké. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, n ò sì mọ̀ bóyá ẹni tó yè ni mo ń sunkún lé lórí àbí tèmi tó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alága tún wá dọ̀bálẹ̀ fún mi, àwòrán ọkọ mi gbàràmù lára aṣọ rẹ̀. Ó ní ọjọ́ ìrántí ti dé tán, kí n wá jókòó níwájú. Mo ní okùn ńkọ́?

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Èyí tí ẹ gé yẹn, a ti ra òmíràn. Ó tiẹ̀ nípọn jù ú lọ."

Mo ní kò burú, màá wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé àga mi sábẹ́ kánópì o, ìdí okùn ni kí wọ́n gbé e sí. Mo ti pọ́n àdá mi sílẹ̀.