Ariwo Tó Ń Sá fún Bàbá Gbóyèga

Fúnlọ́lá kì í fi ojú wakọ̀ mọ́, etí ló fi ń wakọ̀. Láti ìgbà òtútù ọdún 2014 ni ohun kan ti ń kan gọ̀-gọ̀, gọ̀-gọ̀, níwájú ọkọ̀ rẹ̀ aláwọ̀ eérú, lápá òsì, nísàlẹ̀ ibi tí èrò iwájú ń gbé ẹsẹ̀ sí. Bí ó bá gun bọ́ǹpù ẹnu géètì ilé wọn ní Midrand, lẹ́bàá Johannesburg, gọ̀! Bí táyà bá já sí kòtò lọ́nà Doornfontein, níbi tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, gọ̀-gọ̀! Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó máa ń jókòó sẹ́yìn, ní ìyá àgbà kan ló wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń kanlẹ̀kùn. Ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rí ẹ̀rín rín.

Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi oṣù Kejìlá, àwọn méjèèjì ni yóò wakọ̀ lọ sí Durban, níbi tí Fikáyọ̀ ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà. Ọ̀nà náà dára títí ó fi dé ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń tẹ̀ lé ara wọn bí ìjàlọ. Lálaalẹ́ ni Fúnlọ́lá ń rí ibẹ̀ lójú oorun: táyà òsì á yọ, á máa yí lọ níwájú wọn, ọmọ á sì wà lẹ́yìn.

“Gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irú ọkọ̀ yẹn,” Fikáyọ̀ sọ fún un lórí fóònù.

“Kí n wá sọ kí ni fún Bàbá Gbóyèga?”

“Má sọ nǹkan kan fún un.”

“Ní Johannesburg yìí? Kí n tó délé, ìyàwó rẹ̀ á ti gbọ́ àwọ̀ aṣọ tí mo wọ̀ lọ síbẹ̀.”

Fikáyọ̀ mí kanlẹ̀. “Fúnlọ́lá, ṣé Bàbá Gbóyèga ló máa bá ọ di ọkọ̀ mú lórí òkè ni?”

Fikáyọ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí Fúnlọ́lá kọ́kọ́ dé ìlú yìí, tí kò mọ ẹnì kan. Bàbá Gbóyèga, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Fàsásì, ló gbà á sílé ní Berea, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ tẹ́ ẹní fún un ní pálọ̀ wọn títí ó fi ka ìwé rẹ̀ tán. Nígbà tí bàbá tó bí i kò rí físà gbà wá síbi ìgbéyàwó, Bàbá Gbóyèga ló wọ agbádá, tó fa ọwọ́ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́. Mẹkáníìkì ni Bàbá. Ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Doornfontein ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, gbogbo Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló sì ń gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Táyọ̀, akáńtáǹtì kan, gbé tirẹ̀ lọ síbòmíràn nígbà kan. Bàbá kò bá a jà. Kò kàn dá a lóhùn ìkíni mọ́ ni. Nígbà tí Táyọ̀ sọ ọmọ lórúkọ, kò sí àgbà kan tó wá gbé ọmọ náà sókè fún un.

Ọ̀rọ̀ náà wá dà bí egungun ẹja tó há lọ́fun: kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé pọ̀.

Fúnlọ́lá kúkú ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Ibi tí ìyọnu wà nìyẹn. Orúnkún ọ̀tún Bàbá kò gbà kó wakọ̀ mọ́, nítorí náà Fúnlọ́lá ni yóò wa ọkọ̀, Bàbá yóò jókòó sí iwájú lápá òsì, nítorí ọ̀tún ni wọ́n ti ń wakọ̀ ní ìlú yìí, yóò ti ìjókòó sẹ́yìn díẹ̀ nítorí ikùn rẹ̀, yóò sì di ojú kó lè gbọ́ dáadáa. Wọn á yí àdúgbò náà ká. Wọn á gun bọ́ǹpù, wọn á bọ́ sí kòtò. Kẹ́kẹ́ pa.

“Ariwo dà?”

“Ó dún láàárọ̀ yìí, sà.”

“Ẹ̀rù mi ló ń bà á!” Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. “Fúnlọ́lá, ìwé tí o ń kà yìí ti pọ̀ jù. Ó ti gba orí tán, etí ló wá ń dún sí báyìí.”

Síbẹ̀ Bàbá a máa wá nǹkan pààrọ̀, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù, ó ti pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Fúnlọ́lá á kúnlẹ̀ dúpẹ́. Á yà ní kọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà, ó ku òun nìkan nínú ọkọ̀, gọ̀-gọ̀! Ní ọjọ́ kan ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbẹ̀, ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀, ó sunkún.

Fasilat ló là á lójú láìmọ̀. Oníṣòwò ni Fasilat ní Berea, obìnrin tí Ọlọ́run fi ara jíǹkí. Fúnlọ́lá gbé e láti ọjà ní Sátidé kan. Bí Fasilat ti jókòó síwájú, ọkọ̀ náà dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n fún lọ́mú. Bó ti sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ takisí, tí Fúnlọ́lá sún ọkọ̀ síwájú, ariwo bẹ̀rẹ̀.

“Haa, kí ni yẹn?” Fasilat pariwo láti ìta. “Àṣé èmi ni mo jókòó lé e lórí!”

Fúnlọ́lá wò ó. Nígbà tó délé, ó gbé àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì omi sí ìjókòó iwájú, ó wakọ̀ yí ẹsiteeti ká. Kò dún. Ó kó ẹrù náà sẹ́yìn, ó tún yí i ká. Gọ̀! Ọ̀rọ̀ ti yé e. Ohun tó tú náà wà lókè táyà òsì. Bí ẹni tó wúwo bá jókòó síbẹ̀, ara ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ pa, kò ní í ráyè kan ara rẹ̀ mọ́ irin. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń fi ara bo ariwo tó ń wá.

Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ ṣe ń sọ ìyẹn fún bàbá? Iwájú ni àgbà ń jókòó, ẹ̀yìn ni tàwọn ọmọdé. Kó wá ní kí Bàbá kúrò níwájú nítorí pé ó sanra? Kó sọ ọ́ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, pé ibi tó wà ni kò jẹ́ kó gbọ́ nǹkan láti ọjọ́ yìí wá? Ó gbìyànjú rẹ̀ níwájú dígí, ojú ara rẹ̀ tì í.

Nígbà tí ìrìn àjò ku ọ̀la, ó lọ sí ìsọ̀ náà, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ ti jókòó ti dírẹ́bà tó. Lónìí, ẹ̀yìn ni kí ẹ jókòó bí olówó. Èmi ni kí n gbé yín.”

Bàbá wò ó, ó wo ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀. Ó wọlé, ó na apá sórí ìjókòó, ó juwọ́ sáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. “Ẹ ò rí mi? Mo ti di alága! Dírẹ́bà, ó yá!”

Wọn ò tíì dé róbọ́ọ̀tì tí táyà fi já sí kòtò. Gọ̀-gọ̀!

Ẹ̀rín dá.

“Tún bọ́ sí i,” ni Bàbá wí.

Gọ̀!

“Padà.”

Ní ìsọ̀, Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ṣọ́ọ̀kù òsì, ó ní kí òṣìṣẹ́ kan máa ti ọkọ̀ náà sókè sódò. Orí ṣọ́ọ̀kù ń fò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

“Rọ́bà tó di orí ṣọ́ọ̀kù mú ti jẹ tán. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ gan-an kò le. Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí?”

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án àfi Bàbá, tó fi ṣọ́ọ̀kù tuntun sábẹ́ rọ́bà àtijọ́, tó sì ní kò yẹ kí ọmọ òun máa náwó sí ohun tó ṣì dára.

“Ìwọ ni mò ń bi. Ẹni tó de irú èyí kò mọṣẹ́. Ibo lo gbé e lọ?”

Àwọn òṣìṣẹ́ ti gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń wò ó. Bí ó bá sọ òótọ́, ó ti dójú ti bàbá rẹ̀ nínú ìsọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà lè má kúrò níbẹ̀ lónìí, tàbí kó kúrò bó ṣe wà. Ọ̀la sì nìyí, òkè sì nìyẹn, ọmọ wà nílé tó ti di báàgì rẹ̀. Fúnlọ́lá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì.

“Ẹ má bínú, sà.”

“Mo mọ̀,” ni Bàbá wí. Kò wo ojú rẹ̀. Ó yíjú sáwọn òṣìṣẹ́. “Ẹ wá wo ohun tí àwọn mẹkáníìkì ìgboro ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ!” Ó ní kí wọ́n lọ ra rọ́bà tuntun, tòsì tọ̀tún. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún náà, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó de gbogbo nọ́ọ̀tì, tí iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ. “Láti òní lọ,” ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, “bí ọkọ̀ yìí bá wúkọ́ lásán, ọ̀dọ̀ mi ni. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

Kò tíì dé Midrand tí Ìyá Gbóyèga fi pè é. “Fúnlọ́lá! Ìwọ náà, bíi Táyọ̀?”

“Ẹ má bínú, mà.”

Ní ọjọ́ kejì wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láàárín àwọn ọkọ̀ àjàgbé, táyà ń lọ wọ́ọ́rọ́, Ọ̀rẹ́olúwa sùn lọ lẹ́yìn. Fikáyọ̀ dúró dè wọ́n lẹ́nu géètì ní Durban, ó ń rẹ́rìn-ín etí dé etí.

“Ìyá Gbóyèga ti pè mí, ó bá mi jà. Àṣé o gbé e lọ síbòmíràn! Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan o máa gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu.”

Fúnlọ́lá la ẹnu. Ó rántí bí Fikáyọ̀ ṣe máa ń sọ ìtàn níbi ìpàdé àwọn ọkùnrin, tí wọ́n á máa lu tábìlì. Bí òun bá sọ òótọ́ fún un, kò ní í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó padà dé etí Bàbá ní Doornfontein. Ó pa ẹnu dé, ó sì gbé báàgì ọmọ rẹ̀ jáde nínú ọkọ̀.

“Ṣé oúnjẹ wà nílé?” ló béèrè.