Aṣọ Ọ̀fọ̀ àti Dírììlì Ọlọ́rùn-wíwọ́

Kò sí ẹni tó mú Fúnmiọlá lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ó kàn bá iṣẹ́ náà nílé ọkọ ni. Láti ìgbà tó ti wọ ilé Oyèníyì ní Ìdóàní ló ti ń bá a di ìdí pákó mú, tó ń ṣa ìṣó, tó ń gbá ìdọ̀tí igi jọ. Nígbà tó pẹ́, bí Oyèníyì bá na ọwọ́ sẹ́yìn láì wẹ̀yìn, ohun tó ń fẹ́ gan-an ni ìyàwó rẹ̀ ń fi sí i lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ ló ń kan ilé, ìyàwó ló ń kan ọkọ.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló mú Oyèníyì lọ. Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí kò tíì parí, ilé Màmá Zipporah ní Ìmẹ̀rí. Ìjì ọdún tó kọjá gbé òrùlé ilé yẹn sókè, ó sì tún dá a padà sórí ògiri, bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Oyèníyì ṣèlérí pé òun yóò lu ihò sí ibi tí igi òrùlé ti bá igi orí ògiri pàdé, kí òun fi bóòtì dè wọ́n pọ̀. Ó ṣe apá kan, ikú dé. Òjò sì ti ń ṣú báyìí.

Adégbénga, àbúrò Oyèníyì, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀wọ̀, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní, "Ìyàwó wa, irinṣẹ́ tí kò ní ọwọ́ tí yóò lò ó, ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́. Jẹ́ ká tà wọ́n, ká ti ṣọ́ọ̀bù."

Fúnmiọlá ní ọwọ́ òun wà níbẹ̀. Abigail, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó jẹ́ àgbà ilé, ló dá ẹjọ́ náà. Ó fi orúkọ ọmọ pe Fúnmiọlá, ó ní, "Ìyá Dùnsìn, lọ parí iṣẹ́ Ìmẹ̀rí. Bí o bá parí ẹ̀, a ti mọ̀ pé ọwọ́ wà, ṣọ́ọ̀bù di tìrẹ. Bí kò bá ṣeé ṣe, Adégbénga á wá kó ẹrù. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kejì."

Ibi tí iṣẹ́ kù sí há gan-an. Dírììlì tí gbogbo ènìyàn mọ̀, èyí tó dà bí ìbọn, kò lè wọ ibẹ̀. Ìdí rẹ̀ á ti kan igi kejì kí ẹnu rẹ̀ tó kan èyí tí a fẹ́ lu. Èyí tí Oyèníyì ń lò fún irú ibẹ̀, orí rẹ̀ ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ bí ọrùn ẹyẹ tó ń wo ilẹ̀. Ọlọ́rùn-wíwọ́ ni wọ́n ń pè é nínú ṣọ́ọ̀bù. Oníwáyà ni, kì í ṣe oníbátìrì, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Bí bíìtì rẹ̀, irin ẹnu rẹ̀ tó ń lu ihò, bá há sínú igi, tó sì kọ̀ láti yí, ẹni tó dì í mú ni yóò yí.

Oyèníyì ní àrà kan tó dá lórí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kékeré tí a fi ń fún ẹnu dírììlì, kò so ó mọ́ ara dírììlì bí àwọn káfíńtà yòókù. Ẹ̀bá púlọ́ọ̀gì ló so ó mọ́, okùn rẹ̀ kò sì gùn. Ẹni tó bá fẹ́ fún bíìtì tàbí tú u, àfi kó fa púlọ́ọ̀gì jáde kí kọ́kọ́rọ́ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọkọ̀ Adégbénga ló gbé gbogbo wọn lọ sí Ìmẹ̀rí. Fúnmiọlá gbé jẹnẹrétọ̀ sí àgbàlá, jìnnà sí fèrèsé. Ó tú wáyà ìfàgùn tán pátápátá, nítorí wáyà tó bá ká lé ara rẹ̀ lórí máa ń gbóná. Ó fi ọwọ́ tọ́ wáyà dírììlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wò ó bóyá ó ti là níbì kan. Ó de ọwọ́ ìdìmú mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ki bíìtì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó fi kọ́kọ́rọ́ fún un yíká, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́. Ìgbà náà ló tó fi púlọ́ọ̀gì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí afẹ́fẹ́, bíìtì ń yí gbọọrọ láì gbọ̀n. Ó wọ awò tó bo ojú, ó so àkàsọ̀ mọ́ òpó, ó sì gbé wáyà gba ẹ̀yìn èjìká.

Aṣọ ló kù. Nínú ìdílé yìí, opó kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ aṣọ dúdú. Àwọn tó wọ̀ ọ́ fún un ni yóò bọ́ ọ lọ́jọ́ tí ọ̀fọ̀ bá parí. Abigail ló sì rán èyí tó wà lọ́rùn Fúnmiọlá, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí àpò àgbàdo. Fúnmiọlá ká a sókè, ó fi píìnnì gún un mọ́ èjìká.

Àwọn ihò àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló na apá wọ kọ̀rọ̀, píìnnì já, ọwọ́ aṣọ ṣubú, bíìtì sì mú un. Ó ká a bí ẹni ń ká òwú. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, orí dírììlì ti kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó jọ̀wọ́ súwíìṣì, dírììlì sì kú. Bọ́tìnnì tó máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lọ láì dì í mú, Oyèníyì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ lórí àkàsọ̀.

Fúnmiọlá ní kí Adégbénga fa púlọ́ọ̀gì. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó tú aṣọ kúrò lára bíìtì, tó sì sọ̀ kalẹ̀.

Abigail bi í pé, "Ṣé ọwọ́ ṣì wà lára?"

"Ó wà, Màmá. Ó bó díẹ̀ ni."

"Ká ìka rẹ kò, kí n rí i."

Ó ká wọn kò, ó nà wọ́n. Màmá Zipporah bu omi wá fún un.

Adégbénga ní, "Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀ mọ́. Opó kì í bọ́ dúdú, dírììlì kò sì fẹ́ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kó ẹrù sínú ọkọ̀."

Fúnmiọlá jókòó sórí pákó. Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lè gbà lọ́wọ́ òun. "Màmá, ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́ fún mi, mi ò ní bọ́ ọ fúnra mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní gun àkàsọ̀ yẹn mọ́ pẹ̀lú ẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù yóò bá tìtorí ẹ̀ lọ, kó máa lọ."

Abigail sún mọ́ ọn. Ó wo ọrùn ọwọ́ tó bó, ó wo aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó yíjú sí onílé. "Ìyá wa, ṣé àlùmọ́gàjí wà nílé yìí? Ẹ bá mi wá abẹ́rẹ́ àti òwú mọ́ ọn."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ gé?" Adégbénga ló bèèrè.

"Ahọ́n rẹ, bí o bá tún bi mí."

Ó gé ọwọ́ aṣọ méjèèjì kúrò lókè ìgúnpá. Ó fi abẹ́rẹ́ rán ìbàdí rẹ̀ wọlé títí ó fi lẹ̀ mọ́ ara, ó sì ki etí gèlè orí Fúnmiọlá wọ abẹ́ ara wọn. Ó ń rán an, ó ń sọ̀rọ̀. "Dúdú la fi ń mọ̀ ọ́ ní ọ̀fọ̀. Ta ló ní ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn? Èmi ni mo rán an gùn, mo rò pé jíjókòó ni opó máa ń jókòó. Dìde, kí n wò ó."

Fúnmiọlá yẹ wáyà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yẹ bíìtì wò, ó tún gun àkàsọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì múlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di dírììlì mú, ó sì ti ọwọ́ ìdìmú mọ́ igi òrùlé, kó má baà rí àyè yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Níbì kan, bíìtì kan kókó igi, ó há. Igi òrùlé ló dá agbára tí ìbá yí i dúró, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lára. Kò fi agbára tì í. Ó ní kí wọ́n fa púlọ́ọ̀gì, ó fi ọwọ́ yí bíìtì padà díẹ̀díẹ̀, ó yọ ọ́, ó gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Abigail pe àbúrò rẹ̀. "Ìwọ tí o fẹ́ ta sípánà, wá lò ó kí o tó tà á."

Adégbénga bọ́ kóòtù, ó gun àkàsọ̀ kejì. Bí Fúnmiọlá bá ti lu ihò kan tán, òun a ki bóòtì bọ̀ ọ́, a sì fún un. Ó lágùn. Nígbà tí wọ́n dé igi tó kẹ́yìn, òun ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ mi òrùlé wò. Kò mì. Màmá Zipporah náà ní kí wọ́n bá òun mì ín sí i, kí ọkàn òun balẹ̀.

Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Adégbénga kó irinṣẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Wà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù," ni Abigail wí.

Nígbà tí wọ́n dé Ìdóàní, ọkùnrin kan láti Àfò ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ikán jẹ férémù ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù náà ti kú. Fúnmiọlá gbé dírììlì sọ̀ kalẹ̀, ó ní kò kú, kí ó lọ wọn gígùn àti ìbú ẹnu ọ̀nà náà wá lọ́la.