Mọ́tò Búlúù Lassissi àti Iṣu Germaine

Ọ̀nà kan wà ní àdúgbò wa ní Savè, lábẹ́ òkè olókùúta, tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí ìyàwó bá gbé igbá ẹrù kọjá, ọkọ rẹ̀ ní láti dúró dè é. Ojú ọ̀nà yìí ni Lassissi to mọ́tò méje sí. Ìyá yín àgbà ní mẹ́rin ni. Kò burú, ẹ jẹ́ ká fi í sí mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i bí wọ́n ṣe jókòó síbẹ̀ bí ìyáálé ilé, ẹ̀yin náà á kà á sí méje.

Ayé àwọn ológun ni, nígbà tí a ń pe ara wa ní kámárádì, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà lẹ́bàá ìlú. Lassissi ń fi mọ́tò Pijó kó iṣu láti Bessé àti Boni wá sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá rẹ̀ ló ti Ọ̀fà wá ta aṣọ, tí kò padà mọ́. Bí mọ́tò kan bá kú mọ́ Lassissi lọ́wọ́, kì í tà á. Á tì í síwájú ilé, á sì lọ wá òmíràn. Bí a bá ní, "Irin jíjẹrà yìí ńkọ́?" á ní, "Ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ títí tó fi darúgbó, ṣé kí n lé e jáde nílé ni?"

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Inú rẹ̀ ni Ramatou ìyàwó rẹ̀ ti máa ń jókòó tì í bí wọ́n bá ń ná ọjà oko, kí ikú tó mú un lọ. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó jókòó sórí ìjókòó tí Ramatou ń jókòó sí mọ́. Bí Lassissi bá kírun àárọ̀ tán, á fi aṣọ tútù nu ìjókòó náà.

Òdìkejì ọ̀nà ni Germaine ń gbé, opó tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Élisabeth. Èlùbọ́ ló ń ṣe tà. Ẹnu rẹ̀ mú. Mo gbọ́ pé ó ti fi ẹnu bẹ iṣu rí láìmú ọ̀bẹ. Mọ́tò búlúù ló dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà bí àwọn oníbàárà bá wá kó èlùbọ́, ọkọ̀ wọn kì í lè wọlé. Orí ló fi ń ru àpò dé ìkòríta.

"Bàbá Kamarou," bẹ́ẹ̀ ló ń pe Lassissi, "ẹ kó àwọn òkú yín kúrò níwájú ilé mi."

"Ìyá Élisabeth, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wọn ò bá yín jà."

"Wọn ò bá mi jà, ọrùn mi ló ń ro mí."

Bó bá wí báyìí tán, á gun àpótí, á sì sá iṣu tó ti bọ̀ sórí mọ́tò búlúù kan náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orí òkúta ni a ti ń sá a ní Savè láti àtijọ́, ṣùgbọ́n òkúta jìnnà sí ilé rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ibẹ̀ kò sì nítìjú. Orí mọ́tò ga jù wọ́n lọ. Irin rẹ̀ sì gbóná débi pé mo rí ẹyẹlé tó bà sí i, tó gbéra ní sísun. Bí òjò bá ṣú tí Germaine kò sí nílé, Lassissi ló ń kó iṣu náà wọlé.

Nígbà tó yá, ọrùn Germaine kọ̀, kò lè yí i mọ́. Ó gba ọ̀dọ̀ Norbert lọ, délégué tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò. Norbert wá, ó jókòó síwájú mọ́tò búlúù, ó gbọ́ ẹjọ́.

"Kámárádì Lassissi, ẹ má bínú. Gbogbo ayé ló ni ọ̀nà. Ẹ kó wọn lọ sí ẹsẹ̀ òkè kí ọjọ́ ọjà tó dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ra irin á wá gé wọn."

Lassissi wo mọ́tò búlúù títí. Ó ní, "Kí wọ́n má gé e."

Gbogbo wa la bá a tì wọ́n. Mo tì débi pé bàtà mi wọlẹ̀. Bàtà náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Mọ́tò búlúù la tì kẹ́yìn. Lassissi jókòó sínú rẹ̀, ó ń darí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì wà lórí ìjókòó òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Germaine rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé.

Ilẹ̀ mọ́, Germaine gbé iṣu jáde bó ṣe ń ṣe. Ó gbé àpótí kalẹ̀, ó gùn ún, ó na àwo iṣu síwájú. Afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀. Obìnrin náà dúró lórí àpótí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnì kan rí òun. Mo sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àwo rẹ̀, ó kọrí sí ẹsẹ̀ òkè. Mo tẹ̀lé e, torí mo fẹ́ lọ wò bóyá òkè ṣì wà níbẹ̀.

Lassissi ló bá nínú mọ́tò.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá Kamarou."

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ gbé e wá."

Ó gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó to iṣu náà sórí mọ́tò, kò jẹ́ kí ọ̀kan gun èkejì.

"Ta ló kọ́ yín?" ni Germaine bi í.

"Iwájú ilé mi lẹ ti ń sá a."

Germaine wo àwọn ewúrẹ́ orí òkúta, tó lè fò sórí mọ́tò. "N ò lè fi í sílẹ̀ lọ. Orí ìdúró ni n ó wà di ọ̀sán."

Lassissi mú aṣọ tútù, ó nu ìjókòó kejì, ó sì ṣílẹ̀kùn.

"Ibi Ramatou ni," ni Germaine wí.

"Ibi rẹ̀ ni. Òun náà kì í fẹ́ kí àlejò wà lórí ìdúró."

Germaine bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé. Wọ́n jókòó, ojú wọn síwájú, bí ẹni tó ń lọ sí Parakou.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Lassissi ní, "Ọrùn yín ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí."

"Ẹ má ru àpò mọ́. Mọ́tò kan ṣì ń rìn lọ́wọ́ mi."

Kí ọjà tó tún ná, Germaine ti padà sọ́dọ̀ Norbert pé òun fẹ́ kí mọ́tò búlúù padà wálé.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí wọ́n kó o lọ?"

"Mọ́tò ni mo ní kí wọ́n kó. Ibi tí mo ń sá iṣu ni mo wá bèèrè."

A tún tì í wálé. Lọ́tẹ̀ yìí, ara ògiri Germaine la fi í sí, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀. Àwọn ènìyàn ní wọ́n fẹ́ra wọn. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé n kì í fi iyọ̀ sọ́rọ̀. Ohun tí mo rí ni pé ìjókòó náà kò fìgbà kan ní eruku: Lassissi ń nù ún láàárọ̀, Germaine ń nù ún nírọ̀lẹ́ tó bá wá kó iṣu rẹ̀.