Ọ̀nà Odò Tí A Fẹ̀ Jù

Òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdá ṣán lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló dá mi dúró láàárọ̀ àná. Àwọn ọ̀dọ́ ń tún àyíká ṣe, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró títí ọ̀kan nínú wọn fi ní, "Bàbá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Fìdítì, ní kété lẹ́yìn òmìnira, ìlú ló ni igbó tó yí odò wa ká. A kì í dáko níbẹ̀, a kì í gé igi tútù níbẹ̀. Igi gbígbẹ tó bá já fúnra rẹ̀ nìkan ni àwọn obìnrin lè ṣẹ́. Àwọn àgbà ní igbó náà ni ìbòrí odò. Bí a bá ṣí i lórí, òòrùn á lá a gbẹ. Àárín igi arère àti ìrókò ni ọ̀nà odò gbà. Ó tutù bí inú àmù, ó sì ṣe tóóró: bí obìnrin méjì tó ru omi bá pàdé, ọ̀kan ní láti fẹ̀gbẹ́ kan igi kí èkejì tó kọjá.

Kò sí ẹni tó ń bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ ká tó yẹ ọ̀nà yìí. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní abala tirẹ̀, pẹ̀rẹ́gún la sì fi pa ààlà. Kí iṣu tuntun tó jáde, gbogbo wa á gbé àdá, tọmọdé tàgbà. Èmi kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nígbà náà, nítorí náà kò sí ọ̀nà yíyẹ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn mi.

Lọ́dún kan, abala agbo ilé kejì sí tiwa fẹ̀ díẹ̀ ju tiwa lọ. Ọmọbìnrin wọn kan, Àbẹ̀kẹ́, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, dúró ti pẹ̀rẹ́gún pẹ̀lú ìkòkò lórí, ó ní, "Wo ọ̀nà ilé yín, bí ìrù eku! Ṣé àdá yín ò lẹ́nu ni?" Gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lódò bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi kó wa lọ, a fẹ ọ̀nà tiwa títí ó fi ju tiwọn lọ. Àwọn náà padà wá, wọ́n fẹ tiwọn sí i. Ojú wá ń ti àwọn agbo ilé yòókù, ni àwọn náà bá gbé àdá.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wò wá títí, ó ní, "Ìyàwó ta lẹ ń gbé bọ̀, tí ẹ fi ń la títì fún un?"

Bàbá mi ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ á ṣe é. Ẹnu àwọn ará ibẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù."

"Ó dáa. Ẹni tó la ọ̀nà kì í yan ẹni tí yóò tọ̀ ọ́."

Àwọn agégẹdú ti wá wo igbó yẹn rí, wọ́n sì padà nítorí pé ọkọ̀ wọn kò lè wọ̀ ọ́. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, agbégilódò wọn gba ọ̀nà wa wọlé wẹ́rẹ́ títí dé etí odò. Bàbá mi mú àdá, ó lọ dúró níwájú rẹ̀. Dírẹ́bà yọrí, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọ̀nà yín mà dára o!" Kì í ṣe pé ó ń fi í ṣẹ̀sín. Bàbá mi yà fún un.

Kí àwọn àgbà tó fẹjọ́ sùn débi tí wọ́n á ti gbọ́, igi ti lọ. Odò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Nígbà tó yá, kò sí omi nínú rẹ̀ lójò pàápàá.

Àbẹ̀kẹ́ ni mo padà fẹ́. Nínú àìsàn tó gbé e lọ, ó ní kí n bu omi odò fún òun mu. Omi kànga ni mo bù fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Eléyìí kọ́." Ó sì mu ún tán, kó má baà dùn mí.

Ẹ̀yin ọmọ, ká máa fọwọ́ ara wa tún ìlú ṣe kò tíì tán nílùú yìí, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere náà ní ibi tó yẹ kó mọ. Ọ̀nà wa ṣì wà níbẹ̀. Ó fẹ̀, ó mọ́, ilé wà lọ́tùn-ún, ilé wà lósì. Kò sí ẹni tó ń ru omi gbà á mọ́.