Okùn Tí Kò Já

Etí ọ̀tún ló kọ́kọ́ nù, kó tó nu ti òsì. Etí ìnujú ló fi ń nù ún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu dígí ojú. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àga tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún, ó di ojú, ó ń gbọ́ orin.

Etí-Ò-Purọ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ìwé ìròyìn ẹ̀rọ orin ló ń kọ̀wé fún. Nígbà kan, bí sípíkà bá ń hanrun, ìwé ìròyìn náà á ní ó ń hanrun. Ẹni tó ṣe é á bínú, ayé á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ìpolówó ọjà ti jẹ ojú ewé tán bí ikán. Ohunkóhun tó bá wọlé báyìí, àràmàǹdà ni. Sípíkà àràmàǹdà. Bọ́tìnnì àràmàǹdà. Etí-Ò-Purọ́ nìkan ni kò tíì kọ ọ̀rọ̀ náà rí.

Lọ́tẹ̀ yìí, wáyà ni wọ́n gbé fún un, èyí tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà. Owó rẹ̀ tó owó mọ́tò. Ó funfun, ó nípọn, àrán ni wọ́n fi wé e.

"Ọ̀gá, wáyà ni wáyà," ló wí fún olóòtú. "Iná ò mọ olówó."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà lọ gbọ́ ọ," ni olóòtú dáhùn. Ọmọ àná ni, ṣùgbọ́n òun ló ni àga.

Nígbà tó délé, ó gbé e sórí tábìlì, ó wọ balùwẹ̀, ó sì ké sí ìyàwó rẹ̀: "Ìyá ọmọ mi! Bá mi so okùn funfun tó wà lórí tábìlì yẹn."

"Mo ti ń so ó!"

Ìdí nìyẹn tó fi jókòó, tó di ojú. Háà! Ó gbọ́ èémí akọrin. Ó gbọ́ ọ gooro, bí ẹni pé ó dúró tì í. Òógùn bò ó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń sọ pé wáyà ni wáyà, etí rẹ̀ ò sì purọ́ rí. Ó mú bírò, ó kọ ọ́: *àràmàǹdà*.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó ń nu ọwọ́ sí ìró.

"Olówó orí mi, okùn yín mà lágbára o! Ṣòkòtò mẹ́ta, aṣọ ìbora kan, kò tiẹ̀ tẹ̀."

"Okùn wo?"

"Èyí tí ẹ ní kí n so ńkọ́? Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo ti sá aṣọ sí i."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Wáyà àtijọ́ ló wà níbẹ̀, èyí tí eku ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ta ló wá ń mí nínú orin?"

"Ẹ̀yin náà ni. Bí ẹ bá ti di ojú báyìí, ẹ̀ ń hanrun nìyẹn."

Ní òwúrọ̀, ó gbé wáyà àti ìwé tuntun síwájú olóòtú. Olóòtú kà á sókè:

"'Wáyà yìí dára. Ó gbé ṣòkòtò mẹ́ta àti aṣọ ìbora kan, kò sì já. Etí mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.' Ẹ̀gbọ́n! Ẹni tó ra èèpo ẹ̀yìn ìwé wa fi polówó ọjà ló ni wáyà yìí o!"

"Ẹ bá mi kí i. Kò já."

Olóòtú fa bírò pupa yọ. Ó pa ṣòkòtò rẹ́, ó pa aṣọ ìbora rẹ́, ó pa etí rẹ́. Ohun tó kù ni: *Wáyà yìí dára. Kò já.* Ó wá fi *àràmàǹdà* kún un.

"Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ yín náà ṣì ni."

Etí-Ò-Purọ́ gba bírò náà, ó fi pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ nísàlẹ̀ ìwé náà. Ó yọ pẹ́ẹ̀gì aṣọ kan tó ṣì há mọ́ wáyà náà lára, ó fi í sápò, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n! Orúkọ ta ni ká wá fi síbẹ̀?"

"Ẹ fi ti ìyàwó mi. Òun ló lò ó."

Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, pẹ́ẹ̀gì àti kọ́kọ́rọ́ ilé ń ró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú àpò rẹ̀.