Háńdù Alùpùpù Thian-su

Kò sí ilé ìdáná kan ní ìlú Chishan tí gáàsì ibẹ̀ kò tíì gun ẹ̀yìn alùpùpù Thian-su rí. Láti ìgbà tó ti bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀ ló ti ń gbé e kiri. Àwọn ọmọdé tó máa ń sá tẹ̀ lé e nígbà náà ti di ìyá àti bàbá ọmọ báyìí, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pè é: Thian-su Onígáàsì. Á ki sílíńdà mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù dúdú yẹn, á fi rọ́bà dè é, á gba àárín oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá, á gbé e lé èjìká gun àtẹ̀gùn dé òkè ilé, á sì bá ìyàwó ilé ṣàwàdà kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó fẹ́ràn ara rẹ̀, ká má purọ́. Tí ọmọdé onígáàsì kan bá ṣubú nínú òjò, òun ló máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́run ò fẹ́ràn ẹlẹ́rìn-ín yẹ̀yẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, ó ń mu ẹ̀kọ ìrẹsì, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fi ń jẹun sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu etí abọ́, kẹ́kẹ́kẹ́.

Guat-kiau ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè. "Kí ló dé?"

"Igi yìí ló ń yọ̀. Irú igi wo lo lọ rà yìí?"

Ìyàwó rẹ̀ na tirẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n Thian-su wo ọwọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó rí i pé ó ń gbọ̀n, ó sì mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó gun alùpùpù jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bó ṣe ń sáré bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkó-ọ̀gẹ̀dẹ̀-sí, háńdù bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dì í mú gírígírí. Ó tún jó sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, kẹ́ ẹ má baà kàn máa bú u. Siok-hun tó ni ilé gáàsì, ọmọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú tó gba ilé iṣẹ́, ó kó gbogbo wọn jọ, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, gáàsì kì í ṣe ewébẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá dá a lójú mọ́, kó sọ fún mi, kò sí ìjà." Kò sí ìjà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gba alùpùpù lọ́wọ́ Thian-su Onígáàsì, kí ló kù? Thian-su lásán. Ta ló mọ ìyẹn?

Ó bá di ẹ̀bi náà ru alùpùpù. Ó gbé e tọ Hue-bok lọ.

Hue-bok ni mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ojúbọ kékeré tó wà lórí òkè. Òun àti Thian-su jọ ṣe iṣẹ́ ológun ni, wọ́n jọ jẹ nínú ìkòkò kan. Tábìlì tíì kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí tí àwọn àgbàlagbà máa ń jókòó tì látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n á máa mu tíì nínú ife pẹ́ńpẹ́, wọ́n á sì máa ṣèdájọ́ gbogbo ìlú.

"Háńdù ń gbọ̀n," ni Thian-su wí.

Hue-bok kì í fi ẹnu ṣiṣẹ́. Ó fi àpótí igi gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ó di irin méjèèjì tó gbé táyà náà mú, ó fà á, ó tì í. Ó wá yí háńdù lọ, ó yí i bọ̀, jẹ́jẹ́, ó fi etí sí i. "Bẹ́rìn ọrùn rẹ̀, ibi tí háńdù ti ń yí, ti jẹ. Ó ń há láàárín." Òótọ́ ni, bẹ́rìn ti jẹ, alùpùpù yẹn dàgbà ju Siok-hun lọ. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Inú Thian-su dùn débi pé òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé bẹ́rìn ni.

Kò pẹ́ tó tún padà dé. Ó ṣì ń gbọ̀n. Hue-bok wo táyà iwájú, ó ní ó ti jẹ sápá kan, ó pààrọ̀ rẹ̀. Thian-su tún padà dé. Hue-bok tú ẹ̀yìn, ó di gbogbo ibi tó tú, nítorí ó ní ẹ̀yìn tó bá ń mì lè mú kí iwájú máa jó. Ó wá gùn ún fúnra rẹ̀, ó lọ, ó bọ̀.

"Kò gbọ̀n."

"Ó ń gbọ̀n témi bá gùn ún."

"Báwo lo ṣe ń dì í mú? Dẹ ọwọ́ ẹ díẹ̀ kó o wò ó. Tó bá jẹ́ máṣíìnì ló lẹ́jọ́, ìgbà téèyàn bá dẹ ọwọ́ ló máa ń jó. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tó o bá dì í mú pinpin ló ń jó, a jẹ́ pé ẹni tó gùn ún…"

Thian-su ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ara rẹ̀ ti gbóná. Àwọn àgbàlagbà tó wà nídìí tíì ti yíjú sí wọn, wọ́n ń gbọ́.

"Ẹni tó gùn ún ṣe kí ni? Èmi ni wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun alùpùpù? Ojú ẹ ló ti ń ṣú, Hue-bok! O ti darúgbó, o ò rí nọ́ọ̀tì mọ́, o wá ń sọ ìsọkúsọ!"

Àwọn ará ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bóyá ká ra awò ojú mìíràn fún un." Hue-bok náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yọ awò tó wà lójú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sílẹ̀ ní tábìlì yẹn kì í sùn níbẹ̀. Kí á tó ṣẹ́jú pẹ́, gbogbo àwọn tó ń fi alùpùpù ta nǹkan ti gbọ́ pé ojú Hue-bok ti ń ṣú. Wọ́n ń gbé tiwọn kọjá sí òdìkejì afárá, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn. Hue-bok wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan náà léraléra, bí ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́. Ẹni tó ti ń ṣe é láti kékeré o! Thian-su ń wò ó. Ó ń kọjá, ó ń kí i, "Ọ̀rẹ́, ṣé dáadáa?" Ojú ò tì í? Ojú tì í. Ṣùgbọ́n ìtìjú méjì ló dojú kọ ọ́, èyí tí a lè fi pa mọ́ ló mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Guat-kiau ti ọjà dé. "Ṣé o gbọ́? Hue-bok fẹ́ já pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lulẹ̀, kó fiṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún tuntun òṣùpá. Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún láàárín ọjà. Ó ní ọkọ òun ń sọ pé tóun ò bá lè wo háńdù ọ̀rẹ́ òun sàn, alùpùpù ta ni òun tún fẹ́ tún ṣe tí kò ní í pa á."

Thian-su dìde. Ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Hue-bok, ó jókòó. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ òjò. Ó sọ̀rọ̀ iye tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dà. Ó dìde, ó lọ sílé, ó ń bú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà: òdẹ̀, ojo, aláìnítìjú.

Siok-hun ló parí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ háńdù náà dé etí rẹ̀, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Hue-bok fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n di sílíńdà kíkún mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà, níṣojú gbogbo èèyàn ni wọ́n máa dán an wò lónìí. Àwọn àgbàlagbà ìdí tíì yí àga wọn padà kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Hue-bok gùn ún láti ẹnu ojúbọ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé àárín òkè, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí háńdù. Alùpùpù náà ń lọ tààrà, gáàsì lẹ́yìn, kò mì. Ẹnì kan ní, "Yéèpà!"

"Ẹ̀yin náà ẹ gùn ún, bàbá," ni Siok-hun wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Thian-su gùn ún. Ó di háńdù mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì dé àárín òkè tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó, sílíńdà ń lu irin lẹ́yìn, gbàngbàn, gbàngbàn. Ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó yí padà, ó ń tì í bọ̀ níṣojú gbogbo wọn. Ìbá ṣe pé ilẹ̀ lanu, ì bá wọlẹ̀.

Ó lanu láti sọ̀rọ̀. Hue-bok ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú háńdù, ó ki sípánà mọ́ nọ́ọ̀tì òkè ọrùn rẹ̀.

"Háà! Òun rèé!" Hue-bok pariwo. "Mo gbàgbé láti di nọ́ọ̀tì yìí. Ìgbà témi gùn ún, kò tíì tú tán. Ẹ má bínú o, Siok-hun. Ẹ̀bi mi ni. Ojú mi ni."

Thian-su wà nítòsí. Ó rí sípánà náà. Kò yí. Nọ́ọ̀tì yẹn le pinpin, Hue-bok kàn ń fi apá ṣe bí ẹni tó ń dì í ni. Ó gbójú sókè, ó wo ọwọ́ Thian-su lórí háńdù, ó sì mú ojú kúrò.

Àwọn àgbàlagbà ìdí tíì ti bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́. "Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí?" "Bàbá, ẹ lọ sinmi!" "Nọ́ọ̀tì tó tóbi tó ẹyin!" Hue-bok tẹrí ba, ó ń rẹ́rìn-ín sí ilẹ̀.

Inú Siok-hun dùn. "Ó ti tán nìyẹn. Bàbá Thian-su, ẹ̀yin lẹ máa gbé ti ilé ìwé lọ lọ́la."

Ilé ìwé. Àwọn ọmọ á máa sáré ká sílíńdà yẹn.

"Nọ́ọ̀tì kọ́," ni Thian-su wí.

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ni Hue-bok sọ lábẹ́lẹ̀. "Mo ti bò ó. Lọ́la, lọ bá Siok-hun, sọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀."

"Nọ́ọ̀tì kọ́! Kò sí nǹkan tó ṣe alùpùpù yìí. Kò sí nǹkan tó ṣe ojú Hue-bok." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síta, níwájú gbogbo wọn, nínú oòrùn. "Ẹ wò ó."

Wọ́n wò ó. Ẹ̀rín parẹ́. Omi lé ró-ró sójú Siok-hun, ó rọra fa kọ́kọ́rọ́ yọ lára alùpùpù.

"Láti ìgbà wo, bàbá?"

Ó lè sọ pé láti ìjẹta ni. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú u, ó ti sú u dé egungun.

"Kí n tó kọ́kọ́ gbé e wá síbí. Mo ti mọ̀ kí n tó gbé e wá."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Hue-bok gbé sípánà sílẹ̀. Ó ti rò pé ọ̀rẹ́ òun kò mọ̀ ni, pé ó ń tan ara rẹ̀ ni, bí àgbàlagbà ṣe máa ń ṣe. Ohun tó ń bò fún un nìyẹn.

"O mọ̀," ni Hue-bok wí. "O ń wò mí. Mo ń fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì bí afọ́jú, o ń kí mi, 'Ọ̀rẹ́, ṣé dáadáa?'"

"Hue-bok, jọ̀ọ́, foríjì mí."

Hue-bok padà sídìí tábìlì tíì. Ó jókòó, ó gbé ìkòkò tíì, ó bù fún gbogbo wọn yíká, kò kún, bí a ṣe ń bù ú fún àlejò tí a ṣì fẹ́ kó jókòó. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Thian-su, ó dà á, ó ń dà á, títí ó fi kún dé etí, tó fẹ́ máa ṣàn. Gbogbo ará ìlú wa ló mọ ohun tí ife tó kún dé etí ń sọ fún àlejò: mu ún, kó o máa lọ.

Thian-su fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà. Ó dà sórí tábìlì, ó dà sí i lọ́wọ́, ó gbóná, kò gbé e sílẹ̀. Ó mu ìwọ̀nba tó kù nínú rẹ̀, ó dojú ife dé, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.