Àjàrà Tí Kò Wọ́wé

Wọ́n gba ìpè ìrun lẹ́nu Bàbá Bùráímọ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, ìwé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ni wọ́n sì fi gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ló kan olùkọ́ ìjọ nínú ọ̀rọ̀ mọ́sálásí, ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Sàró ni mo ti kàwé. Mo gbọ́ Látìn, mo gbọ́ Gíríìkì, mo lè ka orúkọ àwọn ọba Róòmù tẹ̀lé ara wọn láìwo ìwé. Nígbà tí ogun dí ọ̀nà etíkun, tí wáìnì tí ìjọ ń lò fún Oúnjẹ Olúwa kò rí ọ̀nà dé Ìbàdàn mọ́, alábòójútó wa, tó jẹ́ òyìnbó, ránṣẹ́ pè mí. Àwọn ẹ̀ka àjàrà mélòó kan tí atukọ̀ kan fún un kí ọ̀nà tó dí ti ń rúwé nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó ní nígbà tó jẹ́ pé mo ti ka ohun tí àwọn ará Róòmù kọ nípa iṣẹ́ oko, kí n lọ gbìn wọ́n.

Atukọ̀ náà ní gànáṣà ni àwọn ará Sípéènì ń pe irú àjàrà yìí, pé ó fẹ́ràn oòrùn, wáìnì pupa ni wọ́n sì ń fi í ṣe. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù, èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹlòmíràn ló jìyà ẹ̀kọ́ náà.

Abúlé kan lọ́nà Akínyẹlé ni mo ti rí ilẹ̀. Bàbá Bùráímọ̀ ló ni ín. Àgbẹ̀ ni, òun sì ni ládánì abúlé, ẹni tó ń pe àwọn ìmàle sí ìrun. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara débi pé àwọn abọ̀rìṣà pàápàá fi ń mọ ìgbà tí wọ́n á gbé ìkòkò ka iná. Iṣu díẹ̀ lọ́dọọdún ni ìṣákọ́lẹ̀ tó bù fún mi, ó wá fi àdéhùn kan tì í.

Ó ní, "Olùkọ́, haráàmù ni ọtí lọ́dọ̀ wa. Ohun tí ẹ bá ń fi èso yín ṣe ní Ìbàdàn, ó kù sọ́wọ́ ẹ̀yin àti Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ fún oje rẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá mi."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àjàrà tí gbogbo wa mọ̀ nínú igbó, igi ló ń gùn. Mo bá ri òpó, mo fi ọparun dábùú wọn, ó rí rèǹtè-rente. Gànáṣà kò wò ó. Ìdí rẹ̀ ki, ẹ̀ka rẹ̀ nà sókè gangan, ó dá dúró. Ìyá Ràbí, ìyàwó Bàbá Bùráímọ̀, ń ti odò bọ̀, ó sọ igbá omi kalẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa.

"Olùkọ́ Sàró, ta lò ń kọ́lé fún? Ẹni tó ń dá rìn, o ń fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́ bí arúgbó!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi ọparun náà ṣe ọgbà.

Àṣìṣe kejì, mo ń bomi rin wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀kẹta ló le jù. Ìwé mi ní nígbà tí òtútù bá mú, tí ewé àjàrà bá wọ́ tán, nígbà náà ni kí a rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Mo dúró. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, ewé kò wọ́. Mo tún dúró de ọyẹ́ mìíràn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró de òtútù ilẹ̀ Róòmù nínú oko Akínyẹlé. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́. Àjàrà ń rúwé lórí ewé, kò so ẹyọ kan.

Bàbá Bùráímọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ kan ewé rẹ̀ tó ń dán.

"Igi yìí kò tíì sùn láti ìgbà tó ti dé. Ò ń fún un lómi bí ẹni ń fọ́mọ lọ́mú. Rẹ́ ẹ, já ewé rẹ̀, dá omi dúró. Bí ó bá jí, á so. Ewúro ẹ̀yìnkùlé, bí a kò bá gé e, ṣé ó ń yọ ọ̀mùnú tuntun?"

"Bàbá, ewúro kọ́ nìyí."

"Mo mọ̀. Ewúro kì í ní olùkọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ẹni tó ka Látìn, àgbẹ̀ tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì ń kọ́ ọ níṣẹ́! Mo kọ etí dídi sí i.

Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo lọ sí Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ tí mo dé, igi mẹ́fà nínú àjàrà mi wà níhòòhò. A ti rẹ́ ẹ̀ka wọn títí ó fi ku kùkùté bí ìkúùkù, kò sí ewé kan lára wọn. Mo sáré lọ bá Bàbá Bùráímọ̀ nídìí ebè rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Èmi ni. Mẹ́fà péré, kí o lè fi wé ìyókù."

"Kí ló dé tí ẹ ò dúró kí n dé?"

"Òjò ń lọ. Bí mo bá dúró dè ọ́, èso rẹ̀ á pọ́n sínú òjò tó ń bọ̀, á bẹ́, á jẹrà. Ní sùúrù kí oṣù méjì lé."

N kò ní sùúrù ọjọ́ méjì. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé ìmàle ni, ó kórìíra wáìnì, ó ti ń wá ọ̀nà tipẹ́. Mo jókòó, mo kọ ọ́ sí alábòójútó ní Gẹ̀ẹ́sì tó gún régé pé ìmàle kan tó kórìíra tábìlì Olúwa ti da àdéhùn ilẹ̀ tó bá wa ṣe, ó sì ti ba àjàrà ìjọ jẹ́. Mo ṣa ọ̀rọ̀ jọ. N kò kọ ọ́ pé ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tó fi rẹ́ ẹ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: mo mọ̀ ọ́n, n kò kọ ọ́.

Alábòójútó gbé ìwé náà wá fúnra rẹ̀. Kò bi Bàbá Bùráímọ̀ léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó mú kí a kà á níwájú baálẹ̀ àti gbogbo abúlé, a sì túmọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá Bùráímọ̀ ní, "Mo rẹ́ ẹ ni. N kò bà á jẹ́." Àwọn àgbà mọ́sálásí fikùnlukùn, wọ́n ní ẹni tó bá da àdéhùn kò yẹ lẹ́ni tí yóò máa pe ènìyàn sọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn mìíràn ló pe ìrun àsùbáà, ohùn kan tó ha bí ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ ṣí. Ìyá Ràbí ń gbálẹ̀ nígbà tí mo kọjá. Kò kí mi.

Ó ní, "Ṣé o gbọ́ ọ, Olùkọ́? Ìwé rẹ ló ń pe ìrun yẹn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn kùkùté mẹ́fà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Gbogbo ojú wọn là lẹ́ẹ̀kan náà. Òdòdó wẹẹrẹ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà èso. Ìgbà náà ni mo tó mọ ẹni tí mo ń bá gbé láti ọdún mẹ́ta. Gànáṣà kì í kánjú pọ́n. Èso rẹ̀ so mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, ó dúdú bí aró, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, oje rẹ̀ dùn bí oyin. Ó pọ́n tán kí òjò àkọ́rọ̀ tó balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bàbá ti wí. Àwọn tí mo tọ́jú níbàámu pẹ̀lú ìwé ń rúwé wọn lọ.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Dìde. Kì í ṣe èmi lo máa bẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ka ìwé àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n ka èkejì."

Mo lọ bá baálẹ̀. Ó ní ohùn òyìnbó ni abúlé gbọ́, ohùn òyìnbó ló gbọdọ̀ kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Mo bá kọ ìwé kejì sí alábòójútó, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kà á lójú mi, ó ká a, ó fi sínú àpótí rẹ̀. Ó ní, "Àsìkò kọ́ nìyí."

Nígbà tó yá, ó fún mi ní ìròyìn tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ìjọ ní ìlú òyìnbó pé kí n dà á kọ dáadáa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé sùúrù wa àti ìmọ̀ wa mú àjàrà so, láìka àtakò àwọn ìmàle sí. Mo dà á kọ.

Ìbàdàn la ti fún èso náà. Àdéhùn yẹn nìkan ni mo pa mọ́. Wáìnì rẹ̀ kò pupa púpọ̀, ó dà bí osùn tí a bu omi là, ṣùgbọ́n ó lágbára. Wọ́n gbé ife náà dé ọ̀dọ̀ mi lórí ìkúnlẹ̀. Mo mu ún. Ó dùn. Ìyẹn ló burú jù.

Láti ìgbà náà, bí àrọ̀kúrò bá ti ń lọ, mo ń rẹ́, mo ń já ewé, mo ń dá omi dúró. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mo ń sọ fún un pé ọgbọ́n Bàbá Bùráímọ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n inú ọgbà ni mo ti ń sọ ọ́, níbi tí abúlé kò ti gbọ́.

Nítorí náà mo ń bi alábòójútó: níbo ni ìwé kejì mi wà? Ìgbà wo ni àsìkò náà yóò dé? Mo ń bi ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tí ẹ ka ìròyìn náà: kí ló dé tí ẹ ò béèrè orúkọ ẹni tó rẹ́ àjàrà? Ta ni yóò dúró níwájú baálẹ̀ láti kó ọ̀rọ̀ yìí jẹ? Bàbá Bùráímọ̀ ṣì wà láàyè, ìlà ẹ̀yìn ló ń jókòó sí ní mọ́sálásí, ó ń fetí sí ìpè ẹlòmíràn ní àràárọ̀.

Mo ti dáhùn tèmi: irọ́ ni mo kọ. Ẹ̀yin ńkọ́?